Kí ló dé tí àbúrò mi kò pariwo nígbà tí wọ́n fipá bá a lò pọ̀?

Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ ní àbúrò yín l'Ọ́fà kò pariwo, kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìbẹ̀rù ńlá lè mú kí ara dì gbagidi, kí ohùn má jáde. Kì í ṣe pé ó gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í pé aṣọ wo ló wọ̀. Ẹ jẹ́ kó yan ibi tó máa jókòó sí; ẹ bèèrè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Bí kò bá tíì pé wákàtí 72, ilé ìwòsàn ni kíákíá: oògùn tó ń dènà HIV wà, ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó. Ó ti wẹ̀? Ẹ ṣì lọ.

Bó bá ń ta gìrì tí ilẹ̀kùn bá dún, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin l'Ókè-Oyì ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ.