Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ìṣó Tí Ó Ń De Irin Rélùwéè Mọ́ Igi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀yin olóòtú wa. Alágbẹ̀dẹ ni mí, mo sì ti ń ronú lórí ìṣó ńlá tí wọ́n fi ń de irin rélùwéè mọ́ igi ìdábùú tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní sílípà. Mo ṣàkíyèsí pé ara ìṣó náà dán, igun mẹ́rin ni ó ní, kò sì sí ohunkóhun lára rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí ó yọ. Èrò mi ni pé bí a bá gé eyín sí i lára bíi ti ayùn, tí eyín náà sì kọjú sókè, kò ní ṣeé fà tu mọ́. Ṣé wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò rí?

ÌDÁHÙN: Wọ́n ti dán an wò, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń gé eyín sára ìṣó, tí wọ́n ń lọ́ ọ, tí wọ́n sì ń rọ ọ́ ní oríṣiríṣi ìrísí, tí wọn yóò wá fi ẹ̀rọ fà á tu kí wọ́n lè wọn agbára tí yóò gbà. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìṣó tí ara rẹ̀ dán sábà máa ń dúró nínú igi ju èyí tí a gé eyín sí lára lọ.

Inú igi ni ìdí rẹ̀ wà, kò sí nínú irin. Fọ́nrán wẹ́wẹ́ ni igi jẹ́, wọ́n sì tò pọ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Ẹ tún wo ẹnu ìṣó rélùwéè dáadáa, ẹ ó rí i pé kò mú ṣóńṣó bíi ti ìṣó káfíńtà. Pẹlẹbẹ ni ó rí bí ẹnu àáké. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹnu pẹlẹbẹ náà lè dábùú fọ́nrán igi, kí ó sì máa gé wọn bí ó ti ń wọlé. Fọ́nrán tí ó bá gé yóò tẹ̀ sí ìsàlẹ̀, orí wọn yóò sì fara ti ìṣó náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tó fi jẹ́ pé nígbà tí ohunkóhun bá fẹ́ fa ìṣó sókè, ńṣe ni wọn yóò tún máa fún mọ́ ọn. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣi ìṣó dì mú, tí ẹnu pẹlẹbẹ náà kọjú sí ibi tí fọ́nrán gbà tò, igi yóò là. Bí eyín bá sì wà lára ìṣó, eyín tí ó yọ síta jù lọ ni yóò pinnu bí ihò ṣe máa fẹ̀ tó; yóò fa fọ́nrán wọ̀nyẹn ya bí òòlù ti ń gbá a wọlé, ara ìṣó tí ó kù kò sì ní fara kan igi dáadáa mọ́. Ohun tí ẹ rò pé yóò mú ìṣó dúró ni yóò ba ohun tí ó ń mú un dúró jẹ́.

Ìtàn ìṣó yìí fi hàn pé àwọn tí ó kọ́kọ́ rọ ọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Robert Stevens, ààrẹ ilé iṣẹ́ rélùwéè Camden and Amboy ní Amẹ́ríkà, ni a sábà máa ń dárúkọ pé ó ronú kan irin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí pẹlẹbẹ, pẹ̀lú ìṣó tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ láti di ẹsẹ̀ náà mú, ní nǹkan bí ọdún 1830. Henry Burden ti ìlú Troy ní ìpínlẹ̀ New York gba ìwé àṣẹ ní 1840 fún ẹ̀rọ tí ó ń ṣe irú ìṣó bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà títí di òní nípọn tó mìlímítà 16 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì gùn tó ínǹṣì 6, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 150. Ẹ má sì rò pé bí a bá fi gígùn kún un ni yóò dára, nítorí pé sílípà fúnra rẹ̀ kì í nípọn ju nǹkan bí ínǹṣì 7 lọ. Bí a bá sì fi ìnípọn kún un, igi ni yóò là.

Níbo wá ni ọgbọ́n alágbẹ̀dẹ ti lè wúlò? Lójú tèmi, ẹnu ìṣó ni ó yẹ kí ẹ mú ní pàtàkì. Bí ẹnu pẹlẹbẹ náà kò bá wà ní àárín gan-an, ìṣó yóò máa yà sí ẹ̀gbẹ́ bí wọ́n ti ń gbá a, ihò rẹ̀ yóò sì fẹ̀ lókè ju bó ti yẹ lọ. Lẹ́yìn náà ni abẹ́ orí ìṣó, èyí tí ó gbọ́dọ̀ dà gẹ́rẹ́ ní ìwọ̀n kan náà tí ẹsẹ̀ irin fi dà, kí ó má baà jẹ́ pé etí rẹ̀ nìkan ni yóò máa kan irin. Ẹ tún pa gbogbo ẹ̀gún kéékèèké tí iná àti òòlù bá fi sílẹ̀ lára rẹ̀ rẹ́.

Àǹfààní tí ó tóbi jù ìwọ̀nyí lọ wà níbi tí alágbẹ̀dẹ kì í dé, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú igi. Láti ìgbà tí John Bethell ti gba ìwé àṣẹ ní 1838 lórí ọ̀nà tí a ń gbà fi agbára ìtẹ̀ ti òróró dúdú creosote wọ inú igi, ni sílípà ti ń pẹ́ kí ó tó jẹrà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti òróró wọlé tán kí a tó lu ihò, ìṣó lè wọ inú lọ́hùn-ún tí òróró kò dé, omi òjò yóò sì tẹ̀ lé e. Bí a bá kọ́kọ́ lu ihò tí ó kéré díẹ̀ sí ìṣó, kí a tó gbé igi lọ fún òróró, ògiri ihò náà yóò mu òróró yó, ìṣó yóò wọlé ní ìdúró ṣánṣán, igi kò sì ní tètè là. Ẹ tún rántí pé irin tí ó ń dípẹtà máa ń ba igi tí ó yí i ká jẹ́, tó fi jẹ́ pé ògiri ihò ni ó máa ń kọ́kọ́ gbó nígbà tí ìyókù sílípà ṣì le koránkorán.

Gbígbẹ igi náà kò ṣeé fojú fò. Ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí ìṣó káfíńtà fi hàn pé ìṣó tí a kàn mọ́ igi tútù lè pàdánù tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára ìdìmú rẹ̀ nígbà tí igi náà bá gbẹ. Kò sí eyín tí ẹ lè gé sára irin tí yóò dá ìyẹn padà.

ÌBÉÈRÈ: Nígbà tí mo wo ojú irin kan dáadáa, mo rí i pé orí ọ̀pọ̀ ìṣó kò lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ irin, àlàfo díẹ̀ wà láàárín wọn. Ṣé àwọn òṣìṣẹ́ kò kàn án dé ìdí ni?

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe gbogbo àlàfo ni àmì iṣẹ́ tí kò dára. Nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá tẹ irin mọ́lẹ̀ níbì kan, irin náà máa ń gbéra díẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn ibẹ̀. Bí orí ìṣó bá lẹ̀ típẹ́ típẹ́, gbogbo ọkọ̀ tí ó bá kọjá ni yóò máa fa ìṣó náà sókè, yóò sì tú u díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi àlàfo tín-ínrín sílẹ̀. Iṣẹ́ tí a gbé lé ìṣó yìí lọ́wọ́ ni pé kí irin má yà sí ẹ̀gbẹ́, kí ó má sì dojú dé; a kò ní kí ó tẹ irin mọ́lẹ̀. Nítorí pé kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, irin lè máa rọra fà síwájú tàbí sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi irin ìdákọ̀ró há abẹ́ ẹsẹ̀ irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílípà. Bí àlàfo náà bá wá tó ohun tí ìka lè wọ̀, a jẹ́ pé ìṣó ti ń jáde nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Òṣìṣẹ́ ojú irin ni mí. Ìṣòro wa ni ihò tí ó ti gbó. A ó fa ìṣó tu láti pààrọ̀ irin, nígbà tí a bá sì dá a padà, kò ní dúró mọ́, bẹ́ẹ̀ sílípà náà kò tíì jẹrà. Kí ni kí a ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ńlá. Ohun tí ẹ sọ yìí ni ó ń sọ ọ̀pọ̀ sílípà di aláìwúlò kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Àtúnṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tí ó ń fa ìṣó. Bí ẹ bá fi ọ̀pá oníga wọ́ ìṣó sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ tó fà á sókè, ọrùn ihò yóò fẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé nǹkan sábẹ́ ọ̀pá náà kí ìṣó lè gòkè tààrà, ẹ ó dá ihò náà sí.

Ihò tí ó bá ti ṣófo kò gbọdọ̀ wà ní ṣíṣí di ọjọ́ kejì, nítorí omi. Èèkàn igi tí a ti fi òróró tọ́jú ni wọ́n ń gbá dí i láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ó sì dára, àmọ́ kì í lágbára tó igi tuntun: fọ́nrán èèkàn náà tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí náà ẹnu ìṣó kò rí fọ́nrán kankan dábùú láti gé, ńṣe ni yóò kàn la èèkàn náà sí méjì. Lóde òní, wọ́n ń da oje polyurethane sínú ihò, èyí tí wọ́n ń pò láti inú oje méjì tí yóò wú, tí yóò sì le, kí a tó kan ìṣó. Ó máa ń wọ gbogbo kọ̀rọ̀ ihò tí èèkàn kò lè dé, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé omi kò dúró sínú ihò kí ẹ tó dà á, nítorí pé omi yóò mú kí ó wú bí ìfófòó tí kò lágbára.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ wá igi tuntun fún ìṣó, bí àyè bá wà. Àwo irin tí ó máa ń wà láàárín irin àti sílípà sábà máa ń ní ihò ju èyí tí ẹ ń lò lọ, ẹ lè kan ìṣó gba ihò mìíràn. Nígbà mìíràn, ẹ lè ti sílípà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí gbogbo ìṣó lè bọ́ sí ojú tuntun. Ní ibi tí ọ̀nà ti tẹ̀ kọrọ, ẹ má ṣe kan irin sí orí igi láìsí àwo yìí. Èjìká àwo náà ni ó ń mú kí ìṣó ti inú àti ti òde jọ gba ẹrù tí ọkọ̀ ń tì sí ẹ̀gbẹ́. Láìsí i, ìṣó òde nìkan ni yóò máa jìyà, yóò sì máa run igi tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ títí ojú irin yóò fi fẹ̀ ju mìlímítà 1,435 tí ó yẹ kí ó jẹ́ lọ, bí ọ̀nà yín bá jẹ́ ti ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lágbàáyé.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí wọn kò fi sukúrúù ńlá àti kílíìpù onísípíríǹgì rọ́pò gbogbo ìṣó tí a ń fi òòlù kàn, kí ọ̀rọ̀ náà sì parí?

ÌDÁHÙN: Ọ̀pọ̀ ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn ará Faransé àti Jámánì ti ń fi sukúrúù de irin mọ́ igi, a kò sì lè jiyàn pé ó ṣòro fà yọ ju ìṣó lọ fíìfíì, nítorí pé ìlà tí ó lọ́ yí ara rẹ̀ ká jókòó sínú igi láìfa fọ́nrán ya. Ó ń béèrè sùúrù ju ìṣó lọ: a gbọ́dọ̀ lu ihò tí ó bá a mu, a kò gbọdọ̀ fi òòlù gbá a wọlé kí iṣẹ́ lè yá, ẹ̀rọ tí ó ń yí i kò sì gbọdọ̀ yí i kọjá ààlà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ha ojú ọ̀nà tí ó là sínú igi dànù, yóò sì máa yí lásán.

Ọ̀rọ̀ kílíìpù onísípíríǹgì ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ sí. Ó ń tẹ irin mọ́ àwo láìdẹwọ́, irin kì í sì í fà mọ́, nítorí náà wọ́n yọ irin ìdákọ̀ró kúrò. Ṣùgbọ́n agbára tí ọkọ̀ ẹlẹ́rù wúwo fi ń ti irin síwájú sẹ́yìn kò parẹ́. Láti ara irin, ó gba inú kílíìpù bọ́ sí àwo, láti ara àwo ó bọ́ sí ara ìṣó tàbí sukúrúù tí ó de àwo náà mọ́ igi. Ìṣó tí a kò rọ fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀ yóò máa tẹ̀ síwá tẹ̀ sẹ́yìn nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá kọjá, títí yóò fi rẹ irin rẹ̀, tí yóò sì kán. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Illinois ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí èyí, nítorí pé irú kíkán bẹ́ẹ̀ ti mú ọkọ̀ yẹ̀ kúrò lójú irin ní Amẹ́ríkà, pàápàá ní ibi tí ọ̀nà ti tẹ̀ kọrọ tí ó sì ń gun òkè.

Ohun tí ó mú un léwu ni pé nǹkan bíi mìlímítà 38 sísàlẹ̀ ojú sílípà ni ìṣó ti sábà máa ń kán, kì í ṣe lókè. Orí rẹ̀ ṣì wà ní àyè rẹ̀, ẹni tí ó ń rìn yẹ ojú irin wò yóò sì kọjá lára rẹ̀ láìfura. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kílíìpù onísípíríǹgì lórí igi gbọ́dọ̀ máa fọwọ́ kan ìṣó rẹ̀. Kí ó fi ọ̀pá gbìyànjú láti gbé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá gòkè wẹ́rẹ́ ti kán. Bí ó bá rí ọ̀kan, kí ó yẹ gbogbo ìṣó orí àwo náà wò, àti ti sílípà tí ó wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ẹrù tí èyí tí ó kán sọ kalẹ̀ ti bọ́ sọ́rùn wọn.