Èsì: Oṣù mẹ́fà ní Kánò

Ẹ kú ìrònú o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ilé iṣẹ́ yín fẹ́ gbé yín láti Ìbàdàn lọ sí Kánò fún oṣù mẹ́fà, pé ṣé kí ẹ gbà? Ẹ gbà á jàre. Àmọ́ ẹ má lọ há ara yín mọ́ Sabon Gari, àdúgbò àwọn àlejò ní Kánò. Lóòótọ́, àwọn èèyàn wa pọ̀ níbẹ̀, ẹ ó rí àmàlà jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ́ sídìí àmàlà lójoojúmọ́, Ìbàdàn náà ló ṣì wà.

Ìkíni ló ṣe pàtàkì jù. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ran súyà nírọ̀lẹ́, ẹ má kàn bèèrè iye. "Ina wuni?" ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ, ìyẹn ìkíni ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ lédè Haúsá. Òun náà á bèèrè iṣẹ́, á bèèrè ará ilé. Ẹ ṣáà máa fi "lafiya" (àlàáfíà ni) dá a lóhùn. (Àwa Yorùbá ńkọ́, ṣé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni?) Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ tó lè ná ọjà.

Ọyẹ́ ibẹ̀ máa ń bẹ́ èèyàn létè, ẹ gbé òrí dání. Ooru Oṣù Kẹrin tún wá le ju ọyẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ ilé gan-an ni kẹ́ ẹ fẹjú sí: onílé sábà máa ń béèrè owó ọdún kan. Ẹ jẹ́ kí ilé iṣẹ́ san án kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé.