Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: bí a ṣe ń yan ibi ìṣeré fún àwọn ọmọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ògbà, nítòsí Ìkẹjà, là ń gbé. Ìbejì mi ti pé ọmọ ọdún 3, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 8. Inú fúláàtì ni wọ́n ń há mọ́, tẹlifíṣọ̀n ló kù tó ń bá mi tọ́ wọn. Ibi ìṣeré méjì tí mo rí lórí Instagram la ti lọ. Ní ti àkọ́kọ́, owó ẹnu ọ̀nà kéré, àmọ́ gbogbo ohun tó wà nínú ló ní owó tiẹ̀. Ní ìkejì, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì já bọ́ lórí síláìdì, ó fi àgbọ̀n gbálẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè mọ ibi tó dáa kí n tó kó wọn lọ, kí sì ni kí n máa wò bí mo bá débẹ̀? — Ìyá Ìbejì, Ògbà.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ sì kú ewu èyí tó ṣubú. Ibi tí àgbọ̀n ọmọ yẹn ti bá ilẹ̀ pàdé gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí òbí bá dé ibi ìṣeré, òkè ló máa ń gbójú sí: ọ̀dà tó ń dán, síláìdì tó ga, àwòrán Spider-Man lára ògiri. Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nínú gbogbo ohun tó ń ṣe ọmọdé léṣe níbi ìṣeré, ìṣubú ló pọ̀ jù, ohun tó wà nílẹ̀ ló sì máa sọ bóyá ọmọ á sunkún ìṣẹ́jú méjì kó padà sídìí eré, àbí ọsíbítù ló kàn.

Ní Èkó, íńtálọ́ọ̀kì tàbí kọnkéré lẹ máa bá lábẹ́ jáńgílófà àti síláìdì lọ́pọ̀ ibi. Ìyẹn ò gba àríyànjiyàn, ẹ yíjú padà. Èyí tó ń tan èèyàn jẹ ni kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tó dà bíi koríko. Ó tutù lójú, ó dùn ún wò nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ fi gìgísẹ̀ lù ú wò. Bó bá dún kò, kọnkéré tí wọ́n wọ̀ láṣọ ni. Koríko gidi dára fún eré sísá àti bọ́ọ̀lù, àmọ́ kì í ṣe ohun tó yẹ kó wà lábẹ́ nǹkan tó ga, torí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ á họ ọ́ kúrò, ilẹ̀ tó bá sì kù níbẹ̀, bó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, bí àpáta ló ń le.

Yanrìn dára bó bá jìn. Yanrìn tó ti kì, tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 23 (ìyẹn íǹṣì 9), ọmọ tó bọ́ láti nǹkan bíi mítà 1.2 ló lè gbà. Síláìdì tó bá ga ju mítà 1.2 yẹn lọ, yanrìn bẹ́ẹ̀ kò tó o. Ẹ mú rúlà ọmọléèwé dání, kí ẹ tì í bọ ilẹ̀. Ẹ má tì í sí igun tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Ibi tí ẹsẹ̀ ń bọ́ sí lábẹ́ jáńgílófà àti ìdí síláìdì ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti máa ń gbẹ́ ẹ kúrò. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣiṣẹ́ wọn dáadáa, ẹ ó rí ipa réèkì níbẹ̀ láàárọ̀. Ẹ tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan tó tutù díẹ̀, kí ẹ fún un. Bó bá dúró ṣinṣin bí òkèlè ẹ̀bà, amọ̀ ti pọ̀ nínú rẹ̀, òjò àti oòrùn á sọ ọ́ di bíríkì. Tí yanrìn bá sì wà ní gbangba, ẹ wò ó bóyá ológbò àdúgbò ti sọ ọ́ di ilé ìgbẹ́.

Rọ́bà tó nípọn, tó ń rì díẹ̀ bí ẹ bá fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ló rọrùn jù láti tọ́jú. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń gbóná gan-an lọ́sàn-án, èyí tó dúdú pàápàá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bọ́ bàtà lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ilẹ̀, ihò ló kàn. Ó lè dà bí àṣejù lójú ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ẹ gé páálí Indomie kan, kí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9, kí gígùn rẹ̀ jẹ́ 16. Ẹ wá àwo pẹrẹsẹ kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 23. Ẹ ki méjèèjì sínú báàgì. Páálí dúró fún àyà àti ìbàdí ọmọ kékeré, àwo dúró fún orí ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀. Ibi tí páálí bá ti wọlé tí àwo kò sì lè kọjá, ì báà jẹ́ àárín irin ìdènà, àárín àtẹ̀gùn tàbí abẹ́ pèpéle, pańpẹ́ ni. Ẹsẹ̀ ni ọmọ ọdún 3 máa ń kọ́kọ́ tì bọnú ihò. Ẹsẹ̀ á kọjá, ìbàdí á kọjá, àyà á tẹ̀ lé e, orí ló máa há, ara á sì máa fì lófuurufú. Ihò tí kò tó 9 kì í gba ara rárá, èyí tó ju 23 lọ á gba orí pẹ̀lú. Àárín méjèèjì lewu wà. Nítorí ọrùn ọmọ tó lè há yìí kan náà, ẹ bọ́ ohunkóhun tó ní okùn kúrò lọ́rùn wọn nílé: súẹ́tà olókùn, ìborùn, ìlẹ̀kẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n so kọ́rùn. Ẹnu síláìdì lókè ni okùn ti sábà ń há, ọmọ á sì ti máa yọ̀ lọ.

Ní ti jáńgílófà, ẹ wo ibi tí ṣéènì rẹ̀ so mọ́ lókè. Ìlọ́po méjì gíga ibẹ̀ ló yẹ kó ṣófo níwájú, àti bẹ́ẹ̀ náà lẹ́yìn. Bó bá ga ní mítà 2.4, ó yẹ kí mítà 4.8, bí ìgbésẹ̀ àgbàlagbà méje, wà níwájú láìsí bẹ́ǹṣì, ògiri tàbí ojú ọ̀nà níbẹ̀, kí ẹ̀yìn náà rí bẹ́ẹ̀. Ìjókòó rẹ̀ yẹ kó jẹ́ rọ́bà. Èyí tí wọ́n fi pákó tàbí irin ṣe, ọmọ tó jókòó lé e kọ́ ló ń ṣe léṣe jù, bí kò ṣe ọmọ tó ń kọjá níwájú rẹ̀. Àwọn ìbejì yín sì ṣì nílò ìjókòó oníkòtò tó gbá wọn níbàdí mú. Ẹ tún yẹ kọ́ọ̀kì tó so ṣéènì mọ́ra wò: ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ pa dé débi pé káàdì ATM kò ní wọ̀ ọ́. Èyí tó bá ti là á máa fa aṣọ ya, tàbí kó bọ́ nígbà tí jáńgílófà bá wà lókè.

Síláìdì irin tó ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀ lè jó itan ọmọ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, kí ẹ ka ení dé àrún; bí ọwọ́ yín kò bá lè dúró, ọmọ kò gbọdọ̀ jókòó lé e. Ohun kan wà tí àwa òbí máa ń fi ìfẹ́ ṣe tó sì ń ṣẹ́ ọmọ lẹ́sẹ̀: gbígbé ọmọ lé itan láti bá a yọ̀ wálẹ̀. Bàtà ọmọ á há mọ́ etí síláìdì. Tó bá jẹ́ òun nìkan ni, á kàn dúró. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n àgbàlagbà tó ń tì í látẹ̀yìn kò ní dúró, ojúgun ni yóò sì lọ́. Bí ọmọ kò bá tíì lè yọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ẹ wá èyí tó kéré, kí ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ ò sọ bí síláìdì tí ìbejì yín ti já bọ́ ṣe ga tó. Fún ọmọ ọdún 2 sí 5, pèpéle tó bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 75 lọ, ìyẹn gíga tábìlì ìjẹun, gbọ́dọ̀ ní ògiri tàbí irin òró tí kò ṣeé gbà kọjá, tí kò sì ṣeé gùn. Irin kan ṣoṣo tí wọ́n nà gbọọrọ kò tó. Ìdí nìyẹn tí ibi tó dára fi máa ń ya àyè àwọn kékeré sọ́tọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá jọ wà lórí irin kan náà, ohun tí ẹ̀gbọ́n ń ṣe ni àwọn ìbejì máa fẹ́ ṣe. Ẹ̀jìrẹ́ tí oríkì wọn gan-an sọ pé wọ́n bẹ́ kìṣì, wọ́n bẹ́ kẹ́ṣẹ́!

Trampoline, ìyẹn aṣọ líle tí wọ́n nà fún fífò, kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6, nítorí náà àwọn ìbejì kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn lè gùn ún bó bá jẹ́ òun nìkan ló wà lórí rẹ̀. Bí ẹni tó wúwo bá tẹ̀ ẹ́, ó máa ń ju ẹni tó fúyẹ́ sókè ju agbára rẹ̀ lọ, ẹni tó fúyẹ́ yẹn ló sì máa ń fara pa. Ní ti bouncing castle, ilé rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, ẹ wo ìdí rẹ̀ kí ẹ tó wo àwọ̀ rẹ̀. Okùn ìdè mẹ́fà ó kéré tán ló yẹ kó mú un mọ́lẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì le. Ẹ béèrè pé bí NEPA bá mú iná lọ, kí ló ń gbé fáànù tó ń fẹ́ ẹ. Bí fáànù bá dákẹ́, òrùlé á wó lé àwọn ọmọ. Jẹnẹrétọ̀ náà kò gbọdọ̀ sún mọ́ fáànù yẹn, kó má bàa máa fẹ́ èéfín sí wọn. Afẹ́fẹ́ tó bá ju kìlómítà 38 ní wákàtí kan ti pọ̀ jù. Kò sí ẹni tó ní ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n, nítorí náà ẹ máa wo igi: bí igi kéékèèké bá ti ń mì lódindi, ẹ kó wọn sọ̀ kalẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, ìjì ló máa ń ṣáájú òjò. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, ẹ má dúró de ẹ̀kán.

Ó ku ibi tí ẹ ó ti rí wọn. Fọ́tò tí ẹni tó ni ibẹ̀ gbé sórí Instagram, ọjọ́ tí wọ́n ṣí i ni wọ́n yà á. Ẹ lọ sórí Google Maps, kí ẹ ṣí fọ́tò tí àwọn tó lọ síbẹ̀ yà, kí ẹ to àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ kí tuntun ṣáájú. Ẹ má wo ojú àwọn ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín; abẹ́ ẹsẹ̀ wọn ni kí ẹ wò. Ẹ yí i sí àwòrán òkè òfuurufú, ẹ ó rí bóyá igi wà níbẹ̀ tàbí òrùlé páànù àti kọnkéré nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ dá lọ wò ó lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, láìmú ọmọ dání, ní wákàtí tí ẹ fẹ́ máa kó wọn lọ gan-an. Ibi tó ní òjìji lágogo 9 lè wà nínú oòrùn gan-an lágogo 4.

Ti yín súnmọ́. Aláúsá kò jìnnà sí Ògbà, pápá méjì sì wà níbẹ̀: JJT Park, tí wọ́n fi orúkọ gómìnà àná mẹ́ta sọ, Johnson, Jákàńdè àti Tinúbú, àti Ndubuisi Kanu Park. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibi tí ẹ lè lọ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù wúlò fún ọmọ ju ibi ńlá tí ẹ ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Muri Okunola Park ní Victoria Island lẹ́wà, àmọ́ àwọn aláríyá máa ń gbà á lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ. Lekki Conservation Centre, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, jẹ́ igbó tòótọ́, hẹ́kítà 78. Afárá okùn tó wà lókè igi níbẹ̀ gùn ní mítà 401. Ẹ̀gbọ́n á gbádùn ẹ̀, ti àwọn ìbejì kọ́ nìyẹn. Ọ̀bọ ibẹ̀ kò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni: ẹ má mú bisikíìtì dání ní gbangba. Bí ẹ bá lọ kí àwọn ará ní Ìbàdàn, ẹ yà sí Ọgbà Agodi tàbí ọgbà ẹranko Yunifásítì.

Ní ti owó, ẹ fi fóònù béèrè nǹkan mẹ́rin: ṣé owó ẹnu ọ̀nà ló kárí eré, àbí eré kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, ọmọ ọdún mélòó ni kì í sanwó, ṣé ẹ lè gbé oúnjẹ àti omi wọlé, ṣé wọ́n ń gbowó kámẹ́rà. Ẹ ní kí wọ́n fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, kí èèyàn míì má bàa dá iye míì lé yín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má lọ ní May 27, tí í ṣe ọjọ́ àwọn ọmọdé, tàbí lọ́jọ́ Kérésì àti Iléyá. Ibi tó dára lọ́jọ́ Túsìdé kì í ṣe ibi kan náà nígbà tí ogójì ọmọ bá wà lórí síláìdì kan. Ọmọ mẹ́ta sì ti ju ojú ẹnìkan lọ, pàápàá bí ibẹ̀ kò bá ní ọgbà tó yí i ká tàbí tí géètì rẹ̀ ṣí sí títì. Ẹ mú àǹtí kan dání.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wo ẹnu ọmọ tó fi àgbọ̀n gbálẹ̀ yẹn. Ẹ ní kó pa eyín dé. Bí tòkè àti tìsàlẹ̀ kò bá pàdé bíi ti tẹ́lẹ̀, bó bá ń sá fún ẹran àti ohun líle, tàbí tó ń fọwọ́ di iwájú etí, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín lọ́la. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè sán níwájú etí níbẹ̀ bí àgbọ̀n bá gbálẹ̀, kó má sì sí ọgbẹ́ kankan níta.