Ìdí tí owó orí ilé kejì yín fi ju ti aládùúgbò lọ

Ẹ̀gbọ́n, wọn ò rẹ́ yín jẹ. Ẹ ní ilé yín ní Florida àti ti aládùúgbò rí bákan náà, síbẹ̀ owó orí tiyín ju tiẹ̀ lọ fíìfíì. Òun ń gbé inú tiẹ̀, ẹ̀yin ń fi tiyín háyà fáwọn tó wá gbafẹ́.

Ilé téèyàn ń gbé gan-an nìkan ló ní homestead, ìyẹn ẹ̀dínwó owó orí fún onílé tó ń gbé ilé rẹ̀, iye tí ìjọba sì ń ka ilé yẹn sí láti fi ṣírò owó orí ò lè fi ju 3% gòkè lọ́dún, tiyín lè gòkè tó 10%, òté 10% yẹn ò tiẹ̀ kan school tax, ìyẹn owó orí ilé tó ń lọ sílé ìwé, ẹ wá ro bí tiẹ̀ ṣe máa kéré tó fẹ́ni tó ti ń gbé ilé rẹ̀ láti ogún ọdún.

Tí iye tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà oṣù August, èyí tí wọ́n fi ń sọ iye tí wọ́n ka ilé yín sí, bá ju iye tẹ́ ẹ lè ta ilé náà lọ, ẹ lè gbé e lọ sí Value Adjustment Board, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ lórí iye ilé, àmọ́ ọjọ́ 25 pére lẹ ní látọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́. Fọ́tò òrùlé tó ń jò àti iye tí wọ́n ta àwọn ilé ìtòsí, ẹ kó gbogbo ẹ̀ dání.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má purọ́ gba homestead o, wọ́n lè gba owó ọdún 10 sẹ́yìn pẹ̀lú ìtanràn 50%.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti ẹni tó gba ayálégbé ọlọ́dọọdún, òun náà ò ní homestead bíi tiyín, orí ayálégbé ni owó orí yẹn sì máa ń já lé.