Ṣé ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa fi ẹ̀tọ́ draft gba àgbà agbábọ́ọ̀lù ìlà iwájú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Maryland ni mo ń gbé, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin la sì jọ máa ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Left tackle ẹgbẹ́ wa, ẹni tó ń ṣọ́ etí apá òsì ìlà iwájú, ti fara pa, kò sì ní padà sórí pápá mọ́ ní sáà yìí. A gbọ́ pé àwọn alákòóso fẹ́ gba ẹni ọdún 32 kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn, kí wọ́n sì fún wọn ní ẹ̀tọ́ ìpele kẹta nínú draft ọdún tó ń bọ̀, ìyẹn ètò ọdọọdún tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tuntun. Ọmọ mi ní ọkùnrin náà ti dàgbà jù, pé ìfowóṣòfò ni. Èmi ní kí wọ́n gbà á kí wọ́n má baà pa quarterback wa, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, lára. Ta ló jàre?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, sà. Bí ó bá jẹ́ ìpele kẹta nìkan ni wọ́n máa san, tí ẹgbẹ́ yín sì wà lára àwọn tó lè dé playoff, ìyẹn ìdíje àṣekágbá, lọ́dún yìí, èmi yóò ní kí wọ́n gbà á. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé nínú irú iṣẹ́ yìí, ọjọ́ orí kọ́ ló sábà máa ń ba ọjà jẹ́, bí kò ṣe iye tí wọ́n san àti ohun tó kù nínú ìwé àdéhùn.

Ẹ wo Trent Williams. Ní oṣù Kẹrin 2020, ẹgbẹ́ San Francisco 49ers gbà á lọ́wọ́ Washington, wọ́n sì fi ẹ̀tọ́ ìpele karùn-ún ọdún náà àti ìpele kẹta ọdún 2021 dípò rẹ̀. Ẹni ọdún 31 ni nígbà náà, kò sì gbá bọ́ọ̀lù rárá ní sáà 2019 nítorí aáwọ̀ tó wà láàárín òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n yàn án sínú ọ̀wọ́ kìíní All-Pro, ìyẹn àkójọ àwọn tó dára jù ní ipò wọn, ní 2021, 2022 àti 2023. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà kà kún un ni pé Kyle Shanahan, akọ́nimọ̀ọ́gbá 49ers, ló ń darí àwọn agbábọ́ọ̀lù ìkọlù Washington ní ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ tí Williams lò níbẹ̀. Ó ti mọ ìlànà ọ̀gá náà kó tó débẹ̀. Bí ẹni tí ẹgbẹ́ yín ń wá bá ti ṣiṣẹ́ rí lábẹ́ kóòṣì yín, tàbí lábẹ́ ẹni tó ń lo irú ìlànà kan náà, ìyẹn tó ọdún méjì tí a bá yọ kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ tiyín jù ni ti Joe Thuney. Ní sáà 2024, ìgbà 68 ni wọ́n dá Caleb Williams, quarterback Chicago Bears, wólẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹta 2025, Bears fún Kansas City ní ẹ̀tọ́ ìpele kẹrin ọdún 2026, wọ́n sì gba Thuney, ẹni ọdún 32, tó ti gba Super Bowl, ife ẹ̀yẹ tó ga jù, pẹ̀lú New England àti Kansas City. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi ọdún méjì kún àdéhùn rẹ̀. Guard ni Thuney, ẹni tó ń dúró sínú ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tackle, kì í ṣe tackle, ìyàtọ̀ náà kò sì kéré.

Láàárín àwọn márùn-ún tó ń dáàbò bo quarterback, agbára kì í tètè tán lára guard, nítorí pé àlàfo tó ń ṣọ́ kò fẹ̀. Tackle ló dá wà létí, níbi tí àwọn tó ń sáré bí ìjì ti máa ń gba ẹ̀gbẹ́ yọ. Ẹsẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ kọṣẹ́. Bí ẹ bá rí fídíò ọkùnrin yìí, ẹ gbójú kúrò lára bọ́ọ̀lù, kí ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí eré bá ń lọ sópin. Bí ìṣísẹ̀ rẹ̀ kejì sẹ́yìn bá ti ń kúrú, tí ó sì ń na ọwọ́ di aṣọ ẹni tó fẹ́ yọ lọ mú, ìjìyà yáàdì 10 ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ tún béèrè apá ibi tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́wàá ní apá ọ̀tún ti fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn títí ó fi mọ́ ọn lára, kò sì lè yí i padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ̀rù tó ń ba ọmọ yín ní ìpìlẹ̀, àmọ́ ibòmíràn ni ó ti yẹ kí ó wá a. Ní 2019, Houston Texans gba Laremy Tunsil lọ́wọ́ Miami, ẹni ọdún 25 péré, wọ́n sì san ẹ̀tọ́ ìpele kìíní méjì àti ìpele kejì kan mọ́ ọn. Wọ́n dá quarterback wọn, Deshaun Watson, wólẹ̀ nígbà 62 ní 2018. Ó di 44 ní 2019, ó sì tún gòkè sí 49 ní 2020, pẹ̀lú Tunsil níwájú rẹ̀. Ní 2020 yẹn, eré 4 péré ni Texans jẹ nínú 16, ẹ̀tọ́ kẹta nínú gbogbo draft 2021 tó yẹ kó jẹ́ tiwọn sì bọ́ sọ́wọ́ Miami. Agbábọ́ọ̀lù náà dára gan-an. Iye tí wọ́n san ló pọ̀ jù fún ẹgbẹ́ tí ihò rẹ̀ pọ̀.

Ní ti owó, àǹfààní wà fún ẹni tó ń rà. Owó ìbuwọ́lù tí wọ́n ti san fún agbábọ́ọ̀lù, tí wọ́n pín sórí àwọn ọdún àdéhùn, ọrùn ẹgbẹ́ tó fi í sílẹ̀ ló máa ń dá lé. Owó iṣẹ́ tó kù nìkan ni ẹgbẹ́ tuntun ń gbà rù, ọ̀sẹ̀ 18 ni wọ́n sì ń pín in sí. Ká ní mílíọ̀nù 18 dọ́là ni ti ọdún náà, tí ọjọ́ tí pàṣípààrọ̀ máa ń parí, ìyẹn ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, sì ni wọ́n gbà á, mílíọ̀nù 9 ni ẹgbẹ́ yín yóò san. Gbèdéke gbogbo owó agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní 2025 jẹ́ mílíọ̀nù 279.2 dọ́là, nítorí náà kò le láti wá àyè fún un. Ohun tí mo máa ń kọ̀ ni owó ọdún tó tẹ̀ lé e tí wọ́n bá ti fọwọ́ sọ̀yà lé lórí, nítorí pé ẹni tí ẹ gbà fún oṣù mélòó kan yóò di gbèsè.

Kí wọ́n sì ní ọ̀dọ́ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2024, New York Jets gba Tyron Smith, ẹni ọdún 33, láìsan ẹ̀tọ́ draft kankan, nítorí pé àdéhùn rẹ̀ ti parí níbi tó wà. Síbẹ̀, wọ́n tún fi ẹ̀tọ́ kọkànlá mú Olumuyiwa Fashanu, ọmọ tiwa tó dàgbà ní Waldorf, ní ìpínlẹ̀ yín níbẹ̀. Nígbà tí ìfarapa ọrùn dá Smith dúró ní oṣù Kọkànlá, Fashanu ló bọ́ sípò rẹ̀.

Ó ku àyẹ̀wò dókítà, nítorí pé pàṣípààrọ̀ kì í sábà múlẹ̀ láìsí i. Ní ìparí oṣù Kẹwàá 2017, Seattle fẹ́ gba Duane Brown, ẹni ọdún 32, lọ́wọ́ Houston, wọ́n sì fi Jeremy Lane, agbábọ́ọ̀lù wọn, sí ara ohun tí wọ́n máa san. Lane kò yege nínú àyẹ̀wò, ó sì di dandan kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀: Seattle mú Lane padà, wọ́n sì fi ẹ̀tọ́ ìpele kẹta dí àlàfo rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ìròyìn ní alẹ́ pé wọ́n ti gba ẹni tiyín, ẹ dúró kí dókítà fọwọ́ sí i kí ẹ tó ra aṣọ rẹ̀.