Postman, Bruno tàbí curl: èwo ló yẹ fún ìdánwò ìfitónilétí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú wa. Mo ń kọ áàpù kan fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, tí yóò máa ta ọmọ ẹgbẹ́ lólobó lórí fóònù bí ọjọ́ tí wọn yóò dá owó padà bá ti ku ọ̀la. Postman, áàpù tí a fi ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí sáfà, ni mo fi ń dán an wò lórí kọ̀ǹpútà mi. Ti Android ń wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n ti iPhone kọ̀ jálẹ̀, “BadDeviceToken” nìkan ni mo ń rí. Ẹnì kan ní kí n lọ gba Bruno, tó jọ Postman, ẹlòmíràn ní curl, tí a ń fi àṣẹ títẹ̀ lò, ló dára jù. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì yọ Postman kúrò, nítorí ó jọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ojúbodè méjì ni Apple ní: api.sandbox.push.apple.com wà fún áàpù tí ẹ ti inú Xcode (irinṣẹ́ Apple fún kíkọ áàpù) gbé sórí fóònù, api.push.apple.com sì wà fún èyí tó gba TestFlight (ibi tí Apple ti ń pín áàpù fún ìdánwò) tàbí App Store wọlé. Token, ìyẹn àmì ìdánimọ̀, tí fóònù gbà ní ọ̀kan kò wúlò ní èkejì, ohun tí ẹ ń rí yẹn gan-an ni wọ́n sì fi ń dá ẹni tó bá ṣì í lò lóhùn. Àdírẹ́sì tí ẹ kọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ní ti irinṣẹ́, curl ni èmi máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí bí nǹkan bá dojú rú. HTTP/2 (ẹ̀yà kejì ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí wẹ́ẹ̀bù) nìkan ni Apple ń gbọ́, bí ẹ bá sì fi --http2 àti -v sí i, gbogbo header (àlàyé tó ń ṣáájú ìbéèrè àti ìdáhùn) tó lọ àti èyí tó bọ̀ ni ẹ óò fojú rí, títí kan apns-topic, tó ń sọ áàpù tí ìfitónilétí wà fún, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Àmọ́ ó ń sú ni: token mìíràn, tí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ .p8 (fáìlì àṣírí tí ẹ gbà lọ́wọ́ Apple) buwọ́ lù láti fi hàn pé ẹ̀yin ni, kì í lò ju wákàtí kan lọ, ẹ óò sì tún òmíràn ṣe. Níbẹ̀ ni Postman àti Bruno ti ń gbani, torí pé àwọn méjèèjì lè ṣe é fúnra wọn kí ìbéèrè tó jáde.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ibi ìpamọ́. Inú àkántì yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni Postman ń kó iṣẹ́ sí, èyí tó rọrùn fún ẹni tó ní alábàáṣiṣẹ́. Bruno ń fi tirẹ̀ sínú fódà lórí kọ̀ǹpútà yín, bíi fáìlì lásán tí Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú àyípadà inú fáìlì, lè gbé. Nítorí kọ́kọ́rọ́ .p8 yẹn, Bruno ni èmi yóò mú, bí ẹ̀yà tí ẹ ní bá lè lo HTTP/2, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ náà bá fódà wọ Git o.

Bó bá jẹ́ pé bí ìfitónilétí yóò ṣe rí lójú nìkan ni ẹ fẹ́ mọ̀, tí ẹ sì ní Mac, àṣẹ xcrun simctl push, tó wà láti Xcode 11.4 ọdún 2020, yóò gbé e sórí simulator (fóònù àfarawé lórí Mac) láìbéèrè kọ́kọ́rọ́ kankan.

Bí ẹ bá ti tún àdírẹ́sì ṣe tí Apple sì dá 200 padà, ìyẹn túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ yín, kò túmọ̀ sí pé ó ti dé ojú fóònù. Bí fóònù bá ṣì dákẹ́, ẹ wo Settings bóyá ẹ ti gba áàpù náà láyè, kí ẹ sì wò ó bóyá Focus wà ní títàn.