X tó wà ní igun nìkan ò tó

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè yín ni pé ẹ ti fi X sí igun fèrèsé kékeré tó ń yọ lórí sáìtì yín, ẹnì kan wá kọ̀wé sí yín pé òun ò rí i fi kíbọ́ọ̀dù tì, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá X yẹn ò tó. Kò tó. Ìyà ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ mí rí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń dá yín lóhùn.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ̀wé, tí a sì ń bá èèyàn forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní Ìkòròdú níbí, kò jìnnà sí Sábó. Nígbà kan, kẹ̀kẹ́ Márúwá tí mo wọ̀ dojú dé ní Ògólóńtò, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi kán, wọ́n sì fi POP dì í fún ọ̀sẹ̀ 6. Ṣọ́ọ̀bù ò ṣeé tì. Ọwọ́ òsì mi ò mọ máòsì í darí, kíbọ́ọ̀dù ni mo wá gbára lé: Tab láti lọ síwájú, Shift pẹ̀lú Tab láti padà sẹ́yìn, Enter láti tẹ bọ́tìnnì.

Ìyá kan tó ń ta ẹja ní Èbúté mú ọmọ rẹ̀ wá kí n bá a kún fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ kan. Mo ti fi ọwọ́ kan tẹ̀ ẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, ó ku díẹ̀ kí n fi ránṣẹ́, ni fèrèsé kan bá yọ, ó bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí a fi ímeèlì sílẹ̀ kí wọ́n lè máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí wa. Mo tẹ Esc, kò gbọ́. Mo tẹ Tab, Tab, Tab. Mo ń rí ìlà búlúù tó ń fi ibi tí mo wà hàn, ó ń rìn lábẹ́ fèrèsé náà, lára fọ́ọ̀mù tí mi ò rí dáadáa mọ́, kò sì dé orí X yẹn rárá. Ni mo bá tẹ Ctrl pẹ̀lú W, mo rò pé fèrèsé yẹn nìkan ló máa lọ. Ojú ewé náà látòkè délẹ̀ ló lọ, àti gbogbo ohun tí mo ti kọ. Ìyá náà bi mí pé, "Bọ̀dá, ṣé ó ti wọlé?" Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Ìgbà tí wọ́n tú POP, mo lọ wo àwọn sáìtì tí èmi fúnra mi ti kọ́ fún àwọn èèyàn. Bákan náà ni. X tí mo fi sí wọn, div ni, ìyẹn àpótí lásán nínú kóòdù HTML, mo kàn fi onclick, àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ tí a bá tẹ̀ ẹ́, sí i lára ni. Máòsì lè tẹ div, ṣùgbọ́n Tab kì í dúró lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ button, ojúlówó bọ́tìnnì HTML: Tab á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Enter àti Space á sì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tún kọ nǹkan kan kún un. Ẹ fi aria-label, ìyẹn àkọlé inú kóòdù tí ètò tó ń kàwé sókè máa ń kà, fún un lórúkọ, bíi "Ti fèrèsé yìí", nítorí ẹni tí kò ríran. Ẹ má sì torí ẹwà yọ ìlà tó máa ń yí bọ́tìnnì ká. Òun la fi ń mọ ibi tí a wà.

Mo tún wọn ṣe, mo fi Esc sí i, mo rò pé ó parí. Sáìtì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ló là mí lójú. Orúkọ 60 wà lójú ewé kan, bọ́tìnnì "Wò ó" wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, fèrèsé á ṣí, á fi iye tí ẹni náà ti dá hàn. Mo ní kí ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò ríran bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. NVDA ló ń lò, ìyẹn ètò ọ̀fẹ́ tó máa ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè. Ó ṣí ti ẹni 43, ó gbọ́ iye owó náà, ó tẹ Esc. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti pa dé, ṣùgbọ́n ibo ni mo wà báyìí?" Òkè pátápátá ni mo jù ú sí. Kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni 44, àfi kó tún bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni àkọ́kọ́. Ó dùn mí gan-an, torí mo ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé mo ti tún un ṣe.

Iṣẹ́ méjì ló wà nínú pípa fèrèsé dé: kí èèyàn rí ọ̀nà jáde, kí a sì dá a padà sórí bọ́tìnnì tó fi ṣí i. Ìkejì yìí ni ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe.

Ohun tí mo ń lò báyìí ni dialog, fèrèsé tí HTML fúnra rẹ̀ ní, àṣẹ showModal ni mo fi ń ṣí i. Bráwúsà fúnra rẹ̀ ló ń ṣe wàhálà rẹ̀: Esc ń tì í, Tab ò lè rìn lọ sára ojú ewé tó wà lẹ́yìn, tó bá sì pa dé, á dá kíbọ́ọ̀dù padà síbi tó ti wà. Chrome ti mọ̀ ọ́n láti 2014, Firefox àti Safari tẹ̀ lé e ní oṣù kẹta 2022. Láptọ́ọ̀pù tó ṣì ń lo Windows 7, Chrome 109 ló parí sí lórí rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ọwọ́ lẹ fi kọ tiyín, ẹ fi document.activeElement, ìyẹn ibi tí kíbọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́, pamọ́ kí fèrèsé tó ṣí, tó bá pa dé kí ẹ pe focus, àṣẹ tó ń gbé kíbọ́ọ̀dù padà, lórí rẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ inú fèrèsé náà ni wọ́n ti pa orúkọ kan rẹ́, bọ́tìnnì tirẹ̀ ti lọ nìyẹn. Orí ti ẹni tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ gbé kíbọ́ọ̀dù sí.

Tí oníṣẹ́ yín bá ní àṣejù ni, ẹ fi ìlànà WCAG hàn án, ìyẹn ìlànà àgbáyé lórí bí sáìtì ṣe máa ṣeé lò fún àwọn tó ní ìpèníjà ara. Ó wà ní 2.1.2 láti 2008 pé ibi tí a bá lè fi kíbọ́ọ̀dù wọ̀, a gbọ́dọ̀ lè fi kíbọ́ọ̀dù jáde níbẹ̀, ìpele A tó kéré jù ló sì wà. Ní ti fèrèsé ìròyìn tó ń yọ fúnra rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá, mi ò rí ire kankan tó ń ṣe.

Kí ẹ tó dá ẹni tó kọ̀wé sí yín lóhùn, ẹ yọ máòsì kúrò lára kọ̀ǹpútà yín, ẹ ṣí fèrèsé náà, ẹ tì í, kí ẹ wò ó bóyá Tab kan péré ló máa gbé yín dé orí bọ́tìnnì tó kàn. Tó bá dí yín lọ́wọ́, ẹ gbé kóòdù rẹ̀ síbí, màá bá yín wò ó lálẹ́ òní tí iná bá wà.